Ọjà Tí Ẹnikẹ́ni Kì í Dúró Tì

"Títíladé Àrẹ̀mú!"

Ohùn náà jáde láti inú yàrá bí ẹni pé inú kànga ni ẹni tó ń pè é wà. Títíladé dìde lórí bẹ́ǹṣì. Òjò òru ti dá, ṣùgbọ́n kùrukùru ṣì bo ọgbà Ilé-ẹ̀kọ́ Òwò Àtàndá débi pé èèyàn ò lè rí géètì láti ojú fèrèsé. Àwọn ọmọ yòókù tí wọ́n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò jókòó láìwo ojú ara wọn, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀, àfi bí ẹni pé ilé ọ̀fọ̀ ni wọ́n wá.

Kó tó wọlé, fóònù rẹ̀ gbọ̀n lápò. Múyì ló tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Olólùfẹ́ mi, fọkàn balẹ̀. Ọjà yẹn ò ní olúwa. Ta ló máa wá tú àṣírí ẹ?"

Ọkàn Títíladé yọ́ bí òrí tí oòrùn rí. Múyì! Ọmọkùnrin tí ẹyinjú rẹ̀ ń dán bí omi inú àwo, tó jẹ́ pé bó bá pe orúkọ èèyàn, á dà bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò tíì pe orúkọ ọ̀hún rí láyé. Bí Múyì bá ní kó gun ọ̀pẹ láìmú igbà dání, bóyá ni kò ní gbìyànjú ẹ̀ wò.

Ilé-ẹ̀kọ́ yìí, tó wà lójú ọ̀nà Akínyẹlé, kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ tó bá yege. Oúnjẹ ọ̀fẹ́, ibùsùn ọ̀fẹ́, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Bàbá Títíladé, tó ń dáko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ní Erunmu, sì ti là á mọ́lẹ̀ fún un: "Títí, bí wọ́n bá mú ẹ, mo bá ẹ yọ̀. Bí wọn ò bá mú ẹ, ọ̀dọ̀ àǹtí ẹ ní Ọlọ́runṣògo ni o. Wàá máa bá wọn kiri búrẹ́dì. Ibi tí agbára mi mọ nìyẹn."

Ìbéèrè kan ló ń ba àwọn ọmọ lẹ́rù níbẹ̀, gbogbo ẹni tó ti lọ rí ló ń sọ ọ́: òwò wo lo ti fi ọwọ́ ara rẹ ṣe? Títíladé ò ṣòwò rí. Ìwé ló mọ̀ ọ́n kà, ìtàn ìfẹ́ ló sì ń kà jù. Nígbà tó sunkún fún Múyì, Múyì fi àtàǹpàkò nu omijé rẹ̀, ó ní, "Ṣé torí ìyẹn lo ṣe ń sunkún? Sọ fún wọn pé ìwọ lo ni ọjà ìdí igi ìyeyè."

Orí Títíladé wú, ara rẹ̀ bù máṣọ.

Láyé àtijọ́, ojú ọ̀nà oko tí irú ọjà bẹ́ẹ̀ wà kò níye. Àgbẹ̀ á pàtẹ èrè oko sẹ́bàá ọ̀nà, á to òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè fi mọ iye tó ń tà á, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rà, á ka òkúta, á fi owó sílẹ̀, á gbé ọjà. Ẹnikẹ́ni kì í dúró tì í. Ní Erunmu, Ìyá Gàfárù nìkan ló kù tó ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀, lábẹ́ igi ìyeyè kan lọ́nà odò. Ṣùgbọ́n Ìyá Gàfárù kú ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Kí wọ́n tó ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, àtẹ náà tún ti kún: ata, àgbàdo, ọ̀gẹ̀dẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó pàtẹ ẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó bèèrè, nítorí èèwọ̀ ni: a kì í lúgọ de ọlọ́jà tí kò sí nídìí ọjà. Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́rù ọlọ́kadà fi ṣẹ̀fẹ̀, ó ní òun máa ṣọ́ ọ. Ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo ló bá a délé. Dòní olónìí, kò sọ ohun tó rí. Bí àwọn obìnrin bá sì ń lọ sóko láàárọ̀, wọ́n á kúnlẹ̀ díẹ̀ níwájú àtẹ tó dá wà náà, wọ́n á ní, "Ẹ kú ọjà o, Ìyá Gàfárù." Wọ́n á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ èsì, kí wọ́n tó dìde.

Ọjà yẹn ni Títíladé fẹ́ fi ẹnu gbà.

Ó wọ inú yàrá. Iná ti lọ, ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tó sì gba inú kùrukùru wọlé ti sọ ojú àwọn méjì tó jókòó sẹ́yìn tábìlì di bí eérú. Ọ̀kan, ọkùnrin sísanra kan, ní orúkọ òun ni Ọ̀gbẹ́ni Ìyàndá. Èkejì, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kò sọ nǹkan kan. Àkọlé iwájú rẹ̀ ló sọ pé Dókítà Ẹkúndayọ̀ ni.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ káàárọ̀ mà."

"Káàárọ̀, ọmọ dáadáa. Jókòó," Ọ̀gbẹ́ni Ìyàndá dáhùn. "Ó dáa, òwò wo lo ti fi ọwọ́ ara rẹ ṣe?"

Irọ́ dùn lẹ́nu o! Títíladé sọ nípa àtẹ, ó sọ nípa òkúta, ó sọ bí òun ṣe ń jí ní kùtùkùtù láti lọ to ata. Ọ̀gbẹ́ni Ìyàndá fi ọwọ́ gbá tábìlì.

"O ò dúró tì í, wọn ò sì jí i? Nínú Nàìjíríà yìí náà?"

"Wọn ò jí i rí, sà."

"Haà! Ọmọ yìí, o máa wá kọ́ àwa náà níṣẹ́!"

Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo Títíladé, ó kàn ń wò ó ṣáá. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Àwọn tó ń rà á, ta ni wọ́n rò pé ó ń tà á fún wọn?"

Nǹkan tútù kan gba ẹ̀yìn ọrùn Títíladé kọjá. "Èmi ni, mà."

"Wọ́n mọ̀ ọ́?"

"Wọ́n mọ̀ mí, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìdajì ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wa la ṣe yìí. Ìdajì kejì, ibi tí ọmọ ti ń ṣòwò la ti ń ṣe é. Lọ́jọ́bọ̀, láàárọ̀, a ó wá bá ọ nídìí àtẹ rẹ."

Nígbà tí Títíladé délé, tó sọ fún Múyì, ńṣe ni Múyì pàtẹ́wọ́. "Ó tún wá dáa jù! Kó àgbàdo bàbá ẹ, kó o lọ tò ó síbẹ̀ kí wọ́n tó dé."

"Bí mo bá bá ọjà ẹlòmíì níbẹ̀ ńkọ́?"

"Kó o kó o kúrò."

"Ti ta ni màá kó kúrò, Múyì?"

"Ti òkú!" Múyì bú sẹ́rìn-ín. "Àbí òkú á pè ẹ́ lẹ́jọ́? Títí mi, wò mí. Bó o bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, ayé wa ti dáa nìyẹn, èmi àti ìwọ." Ó fọwọ́ kàn án ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Àmọ́ lóru náà, oorun ò kun Títíladé. Ó pinnu pé òun máa rí ẹni tó ni ọjà náà, òkú ni o, ààyè ni o, òun máa bẹ̀ ẹ́ kó yọ̀ǹda àtẹ fún òun lọ́jọ́ kan péré. Bí èèyàn bá ti purọ́ kan, irọ́ náà kì í jẹ́ kó sinmi. Òun ló ń rán an níṣẹ́ kiri.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ń pe ìrun àsùbáà, Títíladé ti ba sẹ́yìn igi kòkó kan lọ́nà odò. Ó ti ṣe ohun tí a kì í ṣe: ó lúgọ de ọlọ́jà. Ohùn ládàánì ń gba inú kùrukùru bọ̀, ó ń dún bí ẹni pé abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń wá. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́. Ewé kòkó ń sun omi sílẹ̀, tó, tó, tó.

Nígbà náà ló rí i.

Obìnrin kan ń bọ̀ láti ọ̀nà odò, igbá lórí. Ìborùn bò ó lójú. Ó ń tiro, ẹsẹ̀ òsì á wọ́lẹ̀ díẹ̀ kó tó gbé e, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ Ìyá Gàfárù ṣe máa ń wọ́lẹ̀. Àdìrẹ ara rẹ̀, gbogbo Erunmu ló mọ̀ ọ́n. Òun ni Ìyá Gàfárù máa ń ró lọ sóko. Obìnrin náà sọ igbá kalẹ̀. Ó to àgbàdo. Ó to ata. Òkúta wẹ́wẹ́ ń bọ́ sórí pákó: kọ́, kọ́, kọ́. Lójijì, òkúta dákẹ́. Kò yíjú padà.

"Títíladé," ohùn arúgbó ló fi pè é. "Ọmọ Àrẹ̀mú. Kí lo ń wá lẹ́yìn mi?"

Títíladé fẹ́ sá, ó yọ̀ ṣubú. Orúnkún rẹ̀ wọ inú ẹrẹ̀. "Jèhófà Mímọ́! Jèhófà Mímọ́!" ló ń pariwo, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń kígbe ní ṣọ́ọ̀ṣì Kérúbù.

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín ọmọdé ni!

"Jèhófà Mímọ́ kẹ̀! Dìde jàre. Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́rù tiẹ̀ lè sá, ìwọ ò lè sá rárá." Ó ṣí ìborùn. Kifayah ni, ọmọ-ọmọ Ìyá Gàfárù, tí òun àti Títíladé jọ wà ní kíláàsì kan náà kó tó di pé apá àti ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ rọ, tó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. "Sìlípáàsì pupa ẹ yọ lábẹ́ ewé. Mo ti rí ẹ kí n tó dé."

"Kifayah! Kí ló dé tó o ń ṣe bí òkú?"

"Ta ló ń ṣe bí òkú? Mò ń ṣe bí ọlọ́jà." Ojú Kifayah ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ojú Ìyá àgbà ló ń ṣọ́ ọjà yìí. Bí wọ́n bá mọ̀ pé èmi lásán ni mò ń tà á, ẹni tó bá ń kọjá á mú ata, á ní òun á san án lọ́la. Ohun tí wọn ò mọ̀ yẹn ló ń dáàbò bò ó. Òun sì ni èmi àti bàbá mi ń jẹ. Kí lo wá ṣe níbí?"

Títíladé sọ ọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Nígbà tó parí, Kifayah gbọn omi ewé kúrò lára ìborùn rẹ̀.

"O lọ sọ pé tìẹ ni?"

"Jọ̀ọ́, Kifayah. Àárọ̀ ọjọ́ kan péré. Bí wọn ò bá mú mi, ayé mi ti bàjẹ́."

"Tèmi ńkọ́? Bó o bá dúró síbí tó o ní ìwọ lo ni í, ìṣẹ́jú mélòó ló kù kí gbogbo ìlú gbọ́? Wallahi, Títí, o burú." Ó gbé igbá rẹ̀. "Mi ò ní bá ẹ jà. Lọ́la, màá gbé bàbá mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn ní Lálúpọn, ibẹ̀ la máa wà títí di Sátidé. Mi ò fẹ́ fi ojú mi rí i. Àtẹ á ṣófo lọ́jọ́bọ̀. Pàtẹ tìẹ síbẹ̀. Ohun tí ẹnu ẹ bá rí sọ, kó sọ ọ́."

Bó ṣe ń lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò wọ́lẹ̀ mọ́, àfi bí ẹni tó ti pa ọjà tì. Ìyẹn gan-an ló dun Títíladé jù.

Ọjọ́bọ̀ dé, kùrukùru rẹ̀ sì ki ju ti gbogbo ọjọ́ lọ. Títíladé ru apẹ̀rẹ̀ àgbàdo, Múyì ń tẹ̀ lé e, ó ń súfèé. Bí wọ́n ṣe yọ sí igi ìyeyè, ìfé dúró lẹ́nu Múyì.

Àtẹ kún.

Ata rọ̀dò wà níbẹ̀, àgbàdo wà níbẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ wà lójú àyè wọn. Níwájú gbogbo rẹ̀, awùsá sísè kún igbá kan, ooru ṣì ń yọ lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan lórí ẹrẹ̀ ju tiwọn lọ.

"Ta ló..." Múyì sún sẹ́yìn. "Títí, ta ló kó eléyìí síbí?"

Títíladé sọ apẹ̀rẹ̀ àgbàdo kalẹ̀. Omi ti kún ojú rẹ̀. Ó ti mọ̀ ọ́n, lójú ara rẹ̀: Kifayah ni. Kifayah tó ní òun ò ní wá, ó ti wá. Ó dáríjì í, ó sì tún pàtẹ dè é kí ojú má bàa tì í níwájú àlejò. Inúure náà gún un láyà ju èébú lọ.

Ọkọ̀ dúró lójú títì. Dókítà Ẹkúndayọ̀ àti Ọ̀gbẹ́ni Ìyàndá fẹsẹ̀ rìn wá. Àwọn obìnrin tó ń lọ sóko dúró, Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́rù pàápàá gbé ọ̀kadà rẹ̀ dúró lókèèrè. Ìyá arúgbó kan kúnlẹ̀ níwájú àtẹ, ó mú ata, ó fi owó sílẹ̀. "Ẹ kú ọjà o, Ìyá Gàfárù." Ó dákẹ́. Ó dìde, ó lọ.

"Ta ni Ìyá Gàfárù?" Dókítà bèèrè.

"Ó ti kú, mà," Títíladé fèsì.

"Ta ni ìyá yẹn wá ń kí?"

Àwọn obìnrin náà tẹjú mọ́lẹ̀. Ẹyẹ kan ké lórí igi, ó tún panu mọ́.

"Títíladé, ìwọ lo ni àtẹ yìí àbí ìwọ kọ́?"

"Sọ fún wọn," Múyì sọ ọ́ sí i létí, "bẹ́ẹ̀ ni péré, Títí mi. Bẹ́ẹ̀ ni."

Títíladé wo ojú tó rẹwà náà. Ó wo awùsá tó ń yọ ooru. Gbogbo etí Erunmu ló ń dúró dè é.

"Èmi kọ́ ni mo ni í, mà. Irọ́ ni mo pa fún yín."

"Ta ló wá ni í?"

"Mi ò lè sọ, mà."

"O ò mọ̀ ọ́n ni, àbí o ò fẹ́ sọ?"

"A kì í sọ ọ́ níbí, mà. Ẹ má bínú."

Ọ̀gbẹ́ni Ìyàndá mi orí, ó pòṣé. Dókítà Ẹkúndayọ̀ wò ó pẹ́. "Irọ́ tí o dá dúró dára ju irọ́ tí o pa parí lọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n irọ́ ni. A ò ní mú ọ lọ́dún yìí. Lọ́dún tó ń bọ̀, bí o bá ti ní tìrẹ, ìwọ náà wá." Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú àtẹ, ó ka òkúta, ó fi owó sílẹ̀, ó bu awùsá. "Ẹ kú ọjà o," ó rọra sọ. Òun náà dákẹ́ díẹ̀. Ohun yòówù kó gbọ́, ó yára rìn padà sínú ọkọ̀.

"Òpònú ni ẹ́!" Múyì ti yíjú padà. "Ṣé bó o ṣe fẹ́ máa ṣe ayé ẹ nìyí? Má wulẹ̀ pè mí mọ́." Kílẹ̀ tó ṣú, Títíladé pè é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, fóònù ò wọlé. Ó sunkún débi pé ojú rẹ̀ wú. Ìfẹ́ tó jẹ́ pé irọ́ ló fi ń mí, bí irọ́ bá ti tán, ó kú nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó ń di ẹrù Ọlọ́runṣògo lọ́wọ́ nígbà tí Kifayah yọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo gbọ́ ohun tó o ṣe," Kifayah ní. "O ò dárúkọ mi. O ṣeun."

"Èmi ni kí n dúpẹ́. O ní o ò ní wá, o sì tún wá pàtẹ dè mí."

"Pàtẹ kí ni?"

"Àtẹ ọjọ́bọ̀ náà! Ata, àgbàdo, awùsá. Awùsá ṣì ń gbóná nígbà tí mo dé."

Kifayah rọra jókòó sórí àpótí. "Títí, Lálúpọn ni mo sùn. Lọ bi bàbá mi. Mi ò sì ta awùsá rí. Ìyá àgbà nìkan ló máa ń sè é."

Wọ́n wo ara wọn. Lóde, kùrukùru ti ń wọlé bọ̀ láti ọ̀nà odò.

"Bóyá ẹnì kan nínú ìlú ni," Kifayah sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹnì kan tí àtẹ tó ṣófo dùn. Àbí... Ṣé ká lọ ṣọ́ ọ lọ́la, èmi àti ìwọ?"

Títíladé mi orí. "Rárá o. Ọjà ẹlòmíì ni."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ gbọ́: iṣẹ́ ẹni ni a fi ń jẹ́rìí ara ẹni. Ohun tí kì í ṣe tiwa, bí a bá fi ẹnu gbà á, àwa la máa fi ọwọ́ ara wa dá a padà, ojú á sì tì wá níwájú ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá sì fẹ́ràn yín dénú, kò ní kọ́ yín ní irọ́ láti fi wọlé sí ibi rere.